Igi Ìyá àti Òjíá Rẹ̀: Òórùn Dídùn Tí Wọ́n Tà Lórúkọ Ẹlòmíràn

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tó yí Òsí, Ìlọ́fà, Odò-Ọwá àti Àráròmí-Ọ̀pìn ká, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Kwara, igi kan wà tí kò ṣeé fojú fò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá ni Yorùbá ń pè é. Igi gíga ni, orí rẹ̀ sì tẹ́. Nígbà tí koríko bá ti gbẹ, tí ọyẹ́ ń fẹ́, yóò wọ́ ewé rẹ̀ dànù, yóò sì yọ òdòdó funfun tí òórùn rẹ̀ ń fa oyin wá láti ọ̀nà jíjìn. Nínú ara igi yìí kan náà ni oje olóròóró kan wà tí òórùn rẹ̀ dùn, òun là ń pè ní òjíá. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí oje yìí ti wọ ìwé àwọn apòògùn, àwọn onímọ̀ ewéko àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n sọ ọ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀: àwọn kan ní tùràrí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, àwọn kan ní copaiba ti Áfíríkà ni, àwọn mìíràn ní básámù Ìlọrin ni. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé àwọn orúkọ wọ̀nyí gan-an ló fi ibi tí òwò òjíá ti kọsẹ̀ hàn. Àwọn oníṣòwò òkè òkun kò ra òjíá nítorí pé ó jẹ́ òjíá; wọ́n rà á nítorí pé ó jọ nǹkan mìíràn tó wọ́n tàbí tí ọwọ́ wọn kò tó. Ohun tí a bá sì rà bí arọ́pò, ọjọ́ tí ọjà ohun tó ń rọ́pò bá dojú dé ni tirẹ̀ náà ń dojú dé.

Kí a kọ́kọ́ mọ igi tí à ń sọ. Daniellia oliveri ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìyá, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé apá Sùdáànù ni wọ́n sì ti ń rí i ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn Hausa ń pè é ní maje. Ó ní ìbátan kan nínú igbó kìjikìji ìhà gúúsù, Daniellia ogea, tí òun náà ń jẹ́ òjíá lẹ́nu Yorùbá, tí àwọn onígẹdú sì ń tà ní ogea. Ṣùgbọ́n ti ọ̀dàn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Inú igi tó ti gbó ni oje ti máa ń pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbà á láyé àtijọ́, káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni pé wọ́n á gbẹ́ ihò jíjìn sí ìdí igi, wọ́n á finá sí i díẹ̀ kí ooru lè lé oje náà wá sínú ihò, lẹ́yìn náà wọ́n á máa bù ú. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ń ṣàn bí òróró. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i pẹ́, á le, á sì di oje gbígbẹ tó ṣeé fọ́ sórí ẹyin iná. Wọ́n ń sun ún kí èéfín rẹ̀ lè wọ aṣọ àti yàrá, wọ́n ń fi í lé ẹ̀fọn, wọ́n ń fi í tan iná, wọ́n sì ń fi í wo ikọ́ àti egbò. Igi rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: wọ́n ń fi í gbẹ́ odó àti àpótí ìjókòó, wọ́n sì ń dáná rẹ̀.

Nítorí ọ̀pọ̀ ìlò wọ̀nyí, ẹnì kan lè sọ pé àsọdùn ni kí a ka ìyá mọ́ igi olóòórùn dídùn. Á ní igi ìdáná tó ní oje ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ohun kan ṣoṣo a máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láìsí pé iṣẹ́ kan ba èkejì jẹ́. Òrí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n fi ń pa ara ọmọ, òun náà ni wọ́n fi ń po oògùn, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ọbẹ̀ sọ pé òrí kì í ṣe ìpara. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí kò ṣeé já ní koro. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, lábẹ́ ìdarí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, dé ibi ẹ̀bùn àwọn amòye láti ìlà-oòrùn, òjíá ni wọ́n fi sí ipò kẹta lẹ́yìn wúrà àti tùràrí, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Ohun tó yẹ fún ọba tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni wọ́n ń wá, ohun tí olùkà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó níyì, pé òórùn rẹ̀ sì dùn. Wọn ì bá tí mú oje tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iná dídá nìkan. Nítorí náà, kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, Yorùbá ti ka òjíá sí ohun òórùn iyebíye, ìdájọ́ wọn sì ti wà ní kíkọ sílẹ̀.

Ilẹ̀ Òsí àti Ìlọ́fà bá igi yìí lára mu. Agbègbè náà wà ní ẹnubodè níbi tí igbó gúúsù ti ń tán lọ, tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀: òkè àti àpáta pọ̀ níbẹ̀, òjò ń rọ̀ tó fún iṣu, ẹ̀ẹ̀rùn sì gùn tó kí koríko lè gbẹ kó sì jóná lọ́dọọdún. Ìyá kò bẹ̀rù iná yìí bí àwọn igi mìíràn ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí iná bá jó orí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rúwé. Ìdí nìyí tí ìyá, emi àti igbá fi wà káàkiri ilẹ̀ tí a ti dáko sí, tí a sì ti fi sílẹ̀ kó sinmi. Ẹgàn kò jẹ́ kí ìyá rọ́nà ní gúúsù níbi tí òjò ti pọ̀ jù, ọ̀dá sì ń pọ̀ sí i bí a bá ti ń lọ síhà Sahara. Àárín méjèèjì ni igi náà ti gbilẹ̀, àárín náà sì ni àwọn ìlú wọ̀nyí tẹ̀dó sí.

Kí ló wá dé tí orúkọ Ìlọrin fi lẹ̀ mọ́ ọn? Ìtàn ìṣèlú ló fà á. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú ìhà yìí, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà dé àríwá ilẹ̀ Èkìtì, bọ́ sábẹ́ agbára Ìlọrin. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àríwá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní 1900, Òsí, Ọ̀pìn, Òbó àti Odò-Ọwá bá Ìlọrin lọ sí apá Àríwá, nígbà tí àwọn ará wọn ní Èkìtì yòókù wà lábẹ́ Gúúsù. Ọ̀tùn jà títí wọ́n fi dá a padà sí Èkìtì ní 1936. Òsí àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò padà. Nínú ìwé ìjọba, ohun yòówù tó bá ti àwọn oko wọn wá, ti Ìlọrin ni. Ìlọrin sì jẹ́ ìlú ọjà ńlá láti ìgbà pípẹ́, ibi tí àwọn oníṣòwò Hausa, Nupe àti Yorùbá ti ń pàdé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sì dé ibẹ̀ ní 1908, agbára ọjà náà tún pọ̀ sí i. Orúkọ ọjà ni ẹrù máa ń gbé rìnrìn àjò. Illurin ni àwọn òyìnbó kan kọ ọ́, àwọn mìíràn kọ Ilorin, àti títí di òní, nínú àwọn ìwé ewéko, Ilorin balsam wà lára orúkọ igi ìyá.

Àríyànjiyàn kan lè dìde níhìn-ín: bí igi náà bá wà láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Sùdáànù, kí ló kan Òsí tàbí Ìlọ́fà? N kò sọ pé igi náà jẹ́ ti agbègbè yìí nìkan. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí òwò àgbáyé yan orúkọ fún òróró rẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ gbọọrọ yẹn, orúkọ Ìlọrin ni ó yàn, àwọn ìlú wọ̀nyí sì wà lára ohun tí orúkọ yẹn kó pọ̀. Kì í ṣe àárín ìlú Ìlọrin ni igi ìyá ti ń hù. Ilẹ̀ oko ni, ilẹ̀ tí ìlú bí Òsí ti ń dáko fún ọ̀pọ̀ ìran. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn básámù Ìlọrin gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn odi ìlú náà.

Àwọn orúkọ yòókù ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ní nǹkan bí ọdún 1855, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù nípa igi tùràrí tó rí ní Sàró. Onímọ̀ ewéko John Joseph Bennett fi orúkọ Daniell sọ ìdílé igi náà, ó sì pe èyí tí Daniell rí ní Daniellia thurifera, ìyẹn ni pé igi tó ń so tùràrí. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni fún ìyá tiwa, tí wọ́n fi orúkọ Daniel Oliver, onímọ̀ ewéko ní ọgbà Kew, sọ nígbà tó yá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tùràrí tòótọ́, èyí tí wọ́n ń sun ní ṣọ́ọ̀ṣì Róòmù àti ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ara igi Boswellia ní Sòmálíà àti Oman ni wọ́n ti ń gbà á. Daniell mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì fa àwọn apòògùn mọ́ra ni pé a lè rí nǹkan tó jọ ọ́ ní etíkun tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ra epo pupa. Igi náà wọ inú ìmọ̀ Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí òjìji igi mìíràn. Ní Sàró, tùràrí ni. Nínú Bíbélì wa, òun ló dúró fún oje igi Commiphora ilẹ̀ Etiópíà àti Sòmálíà. Ìyàtọ̀ kan ṣáá wà láàárín méjèèjì: àwọn olùtúmọ̀ Yorùbá mú ohun tó níyì ní ilé wọn láti fi ṣàlàyé ti òkèèrè, nígbà tí àwọn oníṣòwò mú ti òkèèrè láti fi díwọ̀n ti ilẹ̀ wa, wọ́n sì rí i pé kò tó.

Orúkọ copaiba ló ṣe é ní ibi jù lọ. Copaiba jẹ́ òróró tí wọ́n ń fà láti ara igi Copaifera ní igbó Amazon ní Brasil. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà rẹ̀ gbòòrò gan-an ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí pé òun ni àwọn dókítà ń fún àwọn tó bá ní àtọ̀sí mu. Ó wà nínú ìwé oògùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí. Igi Copaifera àti igi ìyá jẹ́ ìbátan nínú ìdílé kan náà, nítorí náà oje wọn jọra ní ìrísí àti ní òórùn. Nígbà tí òróró láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dé Lọ́ńdọ̀nù, copaiba ti Áfíríkà ni wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ mọ igi tó ti wá dáadáa. Àwọn kan nínú wọn kọ ọ́ pé igi mìíràn, Hardwickia mannii, ló ń mú básámù Illurin wá. Ohun tó ká wọn lára ni bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ copaiba. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé ìṣesí rẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, pé bí ó ti ń yí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti Brasil mu. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun àbùlà lójú wọn. Ojú ìwé tí òróró ilẹ̀ wa ti hàn nínú ìwé àwọn apòògùn jẹ́ ojú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n, kí a sì lé e jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ikú òjijì dé. Ní àwọn ọdún 1930, oògùn sulfa jáde; ní àwọn ọdún 1940, penicillin tẹ̀ lé e. Àtọ̀sí tí copaiba kò wò sàn rí ní tòótọ́ di ohun tí oògùn ọjọ́ díẹ̀ ń lé lọ, ọjà copaiba bí oògùn sì wó lulẹ̀. Copaiba ti Brasil ní ibòmíràn tó lè sá sí: àwọn tó ń po lọ́fínńdà ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń mú kí òórùn pẹ́ lára, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Òróró ìyá kò ní ibi ìsádi. Orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, orúkọ oògùn ayédèrú ni, ta ni yóò wá a lọ sí ilé-iṣẹ́ lọ́fínńdà? Bí ó bá jẹ́ òórùn rẹ̀ ni wọ́n fi tà á láti ìbẹ̀rẹ̀, penicillin kì bá tí kàn án rárá.

Mo mọ ohun tí alátakò yóò sọ sí èyí. Yóò ní bóyá òórùn òjíá kò dára tó láti bá ti àwọn ẹlòmíràn dù ú ni, pé ọjà kì í ṣojúsàájú. Kí a wo igi mìíràn kí a tó gbà bẹ́ẹ̀. Ylang-ylang, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Cananga odorata, jẹ́ igi ilẹ̀ olóoru bíi ti wa, ó jẹ́ ìbátan ẹ̀ẹ̀rù àti aríwó tí à ń fi sí ọbẹ̀, Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà sì ni ilé rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í sè òdòdó rẹ̀ ní Manila, tí oru rẹ̀ ń di òróró. Àwọn Faransé gbé igi náà lọ sí erékùṣù Réunion, láti ibẹ̀ ó dé Nosy Be ní Madagásíkà àti Comoros. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ló yẹ kí wọ́n já òdòdó rẹ̀. Wọ́n gé orí igi tó máa ń ga fíofío títí ó fi di kúkúrú, kí àwọn obìnrin tó ń já a lè dúró sílẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó o. Wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́ pé òróró tó kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò ló dára jù, pé èyí tó bá jáde lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Ní 1921, Ernest Beaux pò ó mọ́ lọ́fínńdà Chanel No. 5, ó sì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Lónìí, Comoros ló ń mú òróró yìí wá jù lọ lágbàáyé. Kì í ṣe pé ylang-ylang wá sáyé pẹ̀lú iyì lọ́rùn. Iṣẹ́ ìwádìí, owó ilé-iṣẹ́ àti àwọn ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi kọ́ iyì náà, wọ́n sì kọ́ ọ lórí orúkọ tirẹ̀, èyí tó gbà láti inú èdè ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òórùn òjíá kò tó, kí ó fi ìwádìí tó jọ èyí hàn wá kí a lè fi wé e.

Ní àkókò kan náà, àwọn èèyàn wa kò dẹ́kun ríra ohun olóòórùn dídùn. Ní 1920, òyìnbó kan, Eric Burgess, tó ń bá ilé-iṣẹ́ W. J. Bush ṣiṣẹ́, po òróró kan ní Khartoum tí wọ́n pè ní Bint el Sudan. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká ọjà ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ti wà nínú àpótí aṣọ àwọn ìyá wa. Nítorí náà, kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ pé òróró olóòórùn kò ní olówò nílẹ̀ yìí. Owó tí wọ́n fi ra ìgò kékeré wọ̀nyẹn ti oko ìlú bí Ìlọ́fà àti Òsí wá pẹ̀lú, láti ara iṣu, òrí àti irú. Òróró ìyá wà nínú igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oko náà, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: ìjọba amúnisìn ń wá ẹ̀pà, òwú, òrí àti kóró ekurọ́ láti ilẹ̀ Àríwá, ohun tí kò bá kún ọkọ̀ ojú irin kò tó nǹkan lójú wọn.

Àtakò kan kù tó lágbára ju àwọn yòókù lọ, èyí tí n kò ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹnì kan lè sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé bí òwò òjíá bá ti gbilẹ̀ ni, igi ìyá ì bá ti tán. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter ta àwọn èèyàn jí sí òwò rọ́bà ní àgbègbè Èkó, wọ́n ya wọ inú igbó lọ bá igi iré, àti ní 1895 nìkan, rọ́bà tó jáde ní Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn. Wọ́n ha igi iré yípo, wọ́n ha á títí ó fi kú lójú ìdúró, kí ọ̀rúndún náà tó parí òwò ọ̀hún ti ń wọlẹ̀. Gbígbẹ́ ihò sí ìdí ìyá àti fífiná sí i náà lè pa á. Comoros pẹ̀lú ní ìyà tirẹ̀: igi tí wọ́n fi ń dáná sábẹ́ ìkòkò òdòdó ti jẹ igbó erékùṣù Anjouan run púpọ̀. Mo gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tako ohun tí mo ń sọ, ó tún tì í lẹ́yìn ni. Ohun tó pa iré ni pé rọ́bà ni rọ́bà, láti ibikíbi tó bá ti wá. Olùrà kò bìkítà bóyá igi Ìjẹ̀bú ń kú, níwọ̀n bí ó ti lè rà láti Brasil tàbí Kóńgò. Ọjà arọ́pò ni. Ohun tí a bá rà nítorí ara rẹ̀ nìkan, tí kò sí níbòmíràn, olówò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí igi náà kò fi ní kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gé ylang-ylang kúkúrú, tí wọn kò gé e lulẹ̀. Ìyá náà ní ohun tí a lè mú láìpa igi: òdòdó rẹ̀ ń dùn lọ́dọọdún, ewé rẹ̀ sì ní òróró, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míìkà ní yunifásítì ilẹ̀ wa ti sè, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò.

Ohun tí orúkọ lè ṣe fún iṣẹ́ ọwọ́, agbègbè yìí kan náà ti rí i. Láti Òsí ni Àrẹògún ti wá, agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, bá a gba iṣẹ́ náà, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Lamidi Fákẹ́yẹ náà ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ìhà Odò-Ọwá ni Bámigbóyè ti wá, ẹni tó gbẹ́ àwọn ère Ẹpa ràgàjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rọ́ wọ orí kan ṣoṣo, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà sì fi odindi àfihàn kan yẹ́ sí ní 2022. Ilẹ̀ kan náà ni, ìjọba amúnisìn kan náà ló wà lórí rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ẹrù ń gbà dé Èkó. Ọ̀pọ̀ ère wọ̀nyẹn kọ́kọ́ dé òkèèrè láìlórúkọ, bí òjíá ti dé ibẹ̀. Ohun tó yí wọn padà ni pé àwọn kan jókòó ti àwọn agbẹ́gilére, wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n kọ orúkọ wọn àti orúkọ ìlú wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè ta ère Àrẹògún gẹ́gẹ́ bí ère Kóńgò. Òjíá kò rí ẹni tó jókòó tì í bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ewu tó wà lórí igi ìyá kì í ṣe ti òwò òróró. Oko ń fẹ̀ sí i, katakata ń tu ilẹ̀ láìdá igi sí, èédú sì ti di òwò ńlá ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí igi tó ti dúró láti ayé àwọn baba ńlá ń di àpò èédú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ igi tí wọn kì í gé nígbà tí wọ́n bá ń ṣánko: emi nítorí òrí, igbá nítorí irú. Mo bẹ àwọn ọba, àwọn olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáko ní Òsí, Ìlọ́fà, Odò-Ọwá, Òbó àti gbogbo ilẹ̀ Ọ̀pìn, kí ẹ ka ìyá mọ́ wọn. Mo sì bẹ àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àti ní yunifásítì tó wà ní Ìlọrin, kí ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí àwọn àgbà tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń bu òjíá, kí wọ́n kọ orúkọ ìlú àti ọ̀nà iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ìwé ewéko tí wọ́n bá tún tẹ̀ lè ní ohun mìíràn láti sọ nípa òjíá yàtọ̀ sí ohun tó jọ.